Ta Ni Yóò Fi Ìjọba Ṣe Wáàsí?

 

Ẹnu ìyá oníṣòwò kan ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ti jáde. A kírun Jímọ̀ tán ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níhìn-ín, wáàsí ọjọ́ náà sì dá lórí gbèsè àti ìlérí. Bí mo ti ń wọ bàtà mi ni ìyá yìí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: “Àlùfáà, bí èmi bá ra ọjà àwìn tí n kò san án, ẹ ó fi mí ṣe wáàsí. Bí ìjọba bá yẹ àdéhùn tirẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò fi ìjọba ṣe wáàsí?”

Gààrì ni ìyá náà máa ń kó lọ sí Kútọnu fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà níbẹ̀. Ní oṣù August ọdún 2019, ọkọ̀ tí ó kó ẹrù rẹ̀ bá ẹnu ibodè ní títì pa. Òjò pa gààrì náà lẹ́bàá ọ̀nà títí ó fi bu. Owó àjọ ni ó fi rà á.

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà wò. Ìlú Èkó ni a ti dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú Nàìjíríà wọ̀ ọ́. Ní 1979 gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún (90) ọjọ́ níbẹ̀. Wọ́n tún fohùn ṣọ̀kan pé irè oko ilẹ̀ wọn kò ní san owó ibodè láàrin ara wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù July 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari tún fọwọ́ sí ìwé òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà ní Niamey, olú-ìlú Niger. Oṣù tí ó tẹ̀lé e gan-an ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ Niger yìí kan náà, àti Benin tí à ń pè ní Dàhòmì rí. December 2020 ni a tó ṣí ibodè mẹ́rin, tí Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ti Ìdí-Ìrókò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí di April 2022.

Ìjọba ní ìrẹsì fàyàwọ́ àti ìbọn ni òun ń dènà. Fàyàwọ́ wà lóòótọ́, èmi kò sì ní gbèjà ẹni tí ń ṣe é. Kí wọ́n tú ẹrù wò, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé èyí tí kò bófin mu. Ṣùgbọ́n ta ni í wá olè kan tí yóò ti gbogbo àdúgbò mọ́lé fún oṣù mẹ́rìndínlógún?

Àwọn kan yóò ní ohun tí ó bá ṣe ìlú láǹfààní ni kí ìjọba ṣe, kí wọ́n fi ìwé àdéhùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí Hudaibiya, ní ọdún 628. Wọ́n ń kọ àdéhùn náà lọ́wọ́ nígbà tí Abu Jandal, Mùsùlùmí tí àwọn ará Mẹ́kà dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́ ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà pé ẹni tí ó bá sá ti Mẹ́kà wá, kí a dá a padà. Suhayl tí ó ń ṣojú Mẹ́kà, tí ó ní kí wọ́n dá a padà, baba tí ó bí i ni. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn Sàhábà dé ọkàn, Umar kò lè pa á mọ́ra. Síbẹ̀ Ànábì dá a padà. Kò tó ọdún méjì tí àwọn ará Mẹ́kà fi da àdéhùn náà fúnra wọn, ìlú wọn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí adájọ́ láàrin ìlú méjì. Ní January 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà, kí wọ́n sì máa gba £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ní Ìjẹ̀bú dí òyìnbó oníwàásù kan lọ́nà. Ẹni tí ó pẹjọ́ náà ni ó dá a: ní May ọdún kan náà, ìbọn Maxim ti ń dún ní Ìmàgbọ̀n.

Lónìí ilé ẹjọ́ ECOWAS wà ní Abuja. Nígbà tí ìjọba wa ti ibodè Benin ní 2003, oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan gbé ìjọba lọ síbẹ̀, pé a dí òwò òun lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ náà dá a padà ní 2004, wọ́n ní òfin ìgbà náà kò gba ẹnìkan ṣoṣo láàyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú wọn. Ọkùnrin náà pàdánù, ṣùgbọ́n ní 2005 wọ́n tún òfin náà ṣe, pé ẹni tí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè wá fúnra rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún oníṣòwò yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan àpò yín. Ní òpin 2019, ẹgbẹ́ oníṣòwò Ghana ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra, wọ́n sì fi ibodè tí àwa náà tì ṣe àwíjàre. Àwọn òbí wa tí Ghana lé jáde ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn. Bí a bá fẹ́ ké sí Accra pé kí ó rántí ìwé 1979, ẹnu wo ni a ó fi ké e?

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá náà ní Jímọ̀ kejì. Ó ní, “Àlùfáà, Abuja jìnnà sí gààrì mi.” Ó jìnnà lóòótọ́. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò àti àwọn ìjọ wa pé kí wọ́n bá àwọn aṣòfin wa sọ ọ́ nísinsìnyí tí ibodè wà ní ṣíṣí: ọjọ́ tí ìjọba bá tún fẹ́ ti ibodè, kí ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò wa, kí ó sì jẹ́ kí ẹrù tí ó ti wà lójú ọ̀nà kọjá.