Sáìsì Aṣọ Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Ara: Èrò lórí Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹni tí Ó Sanra Jù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ìwà àti ipò ni àwọn àgbà fi òwe yìí ń bá wí. Wọn kò ní ọ̀rá ara lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun kan tí ojú èmi fúnra mi rí jẹ́ kí n mọ̀ pé òwe náà kan ọ̀rọ̀ ìlera pẹ̀lú. Láti ọdún 1998 tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ra ṣòkòtò tí wọ́n kọ 36 sí. Mo sì máa ń fi èyí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ara mi kò yí padà. Ní ọjọ́ kan tí àwọn nọ́ọ̀sì wá yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ wò, ọ̀kan nínú wọn fi téèpù yí ikùn mi ká ní òkè ìdodo díẹ̀, ó sì ka sẹ̀ǹtímítà 107, èyí tí ó jẹ́ ínṣì 42. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo yí ìbàdí ṣòkòtò mi síta kí ó lè rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí ẹ so ṣòkòtò yín mọ́. Abẹ́ ikùn ni, kì í ṣe orí ikùn." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Bí ikùn mi ti ń yọ síwájú ni mo ń sọ ìgbànú mi kalẹ̀, tí 36 sì dúró sí 36. Nígbà tí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò ní ọjọ́ náà, ó ti ga ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa fi sáìsì aṣọ mọ ẹni tí ó sanra jù àti ẹni tí kò sanra jù? Èrò tèmi ni pé kò tọ́. Téèpù tí aránṣọ ń gbé kọ́ ọrùn ni òṣùwọ̀n. Àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yóò gbìyànjú láti fi hàn nìyí, a ó sì wo ohun tí ó kan àwa olùkọ́ nínú rẹ̀.

Aṣọ Yorùbá àti Ara Ẹni tí Ó Wọ̀ Ọ́

Ní ayé àtijọ́, aṣọ Yorùbá kò ní sáìsì. Obìnrin tí ó bá ró ìró ni yóò fún un mọ́ra bí ara rẹ̀ bá ti rí. Ìyá tí ó ti bímọ mẹ́fà lè yá ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìró, kí ìró kan náà sì bá àwọn méjèèjì mu. Okùn ni wọ́n fi ń so kẹ̀ǹbẹ̀ mọ́ ìdí: bí ikùn bá tóbi, wọn a dẹ okùn, bí ó bá fọn, wọn a fún un. Agbádá àti dàńdógó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó sanra àti ẹni tí ó rù fi lè wọ ẹyọ kan náà lọ sí òde. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ aṣọ tí ó gbọdọ̀ bá ara mu, bíi bùbá, aránṣọ yóò kọ́kọ́ wọn ẹni tí ó ni aṣọ kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Aṣọ ni ó ń tẹ̀lé ara. Ara kì í tẹ̀lé aṣọ.

Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i pé ojú Yorùbá kò wo títóbi ara ní ojú kan ṣoṣo. Bí a bá ní ènìyàn rí sígbọnlẹ̀, gíga rẹ̀ àti ìtóbi rẹ̀ ni a pa pọ̀ sọ, ìyìn sì ni. Bí a bá ní ó rí rọ́bọ́tọ́, a fi hàn pé ẹran ara rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ṣe ga lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sọ ti ẹwà ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní ènìyàn rù, àìsàn tàbí ìyà ni ọkàn wa ń lọ sí. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti mọ̀ pé a kò lè sọ pé ènìyàn tóbi jù láìwo bí ó ṣe ga tó. Sáìsì aṣọ kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Obìnrin tí ó rí sígbọnlẹ̀ àti èyí tí ó rí rọ́bọ́tọ́ lè wọ síkẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lè wà ní àlàáfíà kí èkejì sì wà nínú ewu.

Ibi tí Sáìsì ti Ṣẹ̀ Wá

Ó yẹ kí á mọ ìtàn nọ́ńbà tí à ń bẹ̀rù yìí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1939 sí 1940, ìjọba ṣe ètò láti wọn ara àwọn obìnrin kí àwọn tí ń ṣe aṣọ títà lè ní ìlànà tí wọn yóò tẹ̀lé. Ruth O'Brien àti William Shelton ni ó darí iṣẹ́ náà. Obìnrin bí 15,000 ni wọ́n wọ̀n, ibi 59 ni wọ́n sì fi téèpù kàn lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n lò. Wọn kò ka ti àwọn aláwọ̀ dúdú kún un. Ní ọdún 1958, ìjọba ibẹ̀ gbé òṣùwọ̀n sáìsì kan jáde. Nígbà tí ó di ọdún 1983, wọ́n fagi lé e, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò tẹ̀lé e mọ́.

Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó ń yan iye tí ó wù ú. Àwọn oníṣòwò sì ti ṣàkíyèsí pé inú oníbàárà a máa dùn bí nọ́ńbà tí ó bá a mu bá kéré. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú aṣọ fẹ̀ sí i, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà kékeré sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní 8 lónìí fẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń pè ní 8 ní ọdún 1958 lọ. Ìlú sí ìlú kò tilẹ̀ bára mu: aṣọ obìnrin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ 12 sí sún mọ́ èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ 8 sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní Yúróòpù kọ 40 sí.

Inú òkìtì òkìríkà ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé lọ́dọ̀ wa. Òfin Nàìjíríà kò gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé láyè, síbẹ̀ kò sí ọjà ńlá tí a dé tí a kò ní rí i. Aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà àti ti ibòmíràn ni wọ́n dà pọ̀ sórí tapólì kan. Ìyàwó mi ra síkẹ́ẹ̀tì méjì nínú òkìtì kan náà ní ọjọ́ kan. Wọ́n kọ 12 sí ọ̀kan, wọ́n kọ 16 sí èkejì, àwọn méjèèjì sì bá a mu wẹ́kú. Bí a bá fi sáìsì ṣe òṣùwọ̀n, a jẹ́ pé láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni obìnrin kan fọn tí ó tún sanra. Òṣùwọ̀n tí ó ń sọ ohun méjì nípa ara kan kì í ṣe òṣùwọ̀n mọ́.

Òṣùwọ̀n tí Ó Ṣeé Gbára Lé

Èyí tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò jù ni ìṣirò tí Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. A ó sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èyí pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí èsì rẹ̀ fún àgbàlagbà bá tó 25, ó ti sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá tó 30, ó ti wọ ìpele tí ó léwu jù. Ẹ jẹ́ kí á mú ènìyàn méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ kílò 80. Ọ̀kan ga ní mítà 1.60: 1.60 ní ìlọ́po 1.60 jẹ́ 2.56, èsì tirẹ̀ sì jẹ́ 31.25. Èkejì ga ní mítà 1.80: èsì tirẹ̀ kò ju 24.7 lọ. Kílò wọn dọ́gba, ọ̀ràn wọn kò dọ́gba.

Òṣùwọ̀n yìí náà ní àbùkù tirẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan àti ọ̀rá, nítorí náà ó lè pe eléré ìdárayá tí iṣan rẹ̀ le koko ní ẹni tí ó sanra jù. Kò sì mọ ibi tí ọ̀rá kó sí. Ibi tí ọ̀rá kó sí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀rá tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká nínú ikùn ni ó túbọ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ikùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí ikùn ọkùnrin bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 94 tàbí tí ti obìnrin bá ti ju 80 lọ. Ó pọ̀ gidigidi bí ó bá ju 102 fún ọkùnrin tàbí 88 fún obìnrin. Tèmi, ẹni tí ń fi 36 yangàn, jẹ́ 107.

Ní ọdún 2022, àjọ NICE tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ìyíká ikùn wọn má ṣe tó ìdajì gíga wọn. Ìlànà yìí kò béèrè ìwé tàbí ẹ̀rọ. Ẹ mú okùn, ẹ wọn gíga ara yín láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gé e. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ wá fi yí ikùn yín ká. Bí orí okùn méjèèjì bá pàdé tí ó sì kù díẹ̀, ó dára. Bí wọn kò bá pàdé, ó yẹ kí ẹ rí dókítà. Gíga mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 174, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 87. Òkùn tèmi kò pàdé rárá.

Ohun tí Àwọn Ẹlòmíràn Lè Sọ

Àwọn kan lè sọ pé aṣọ kì í purọ́. Wọn yóò ní bí ẹ̀wù tí ènìyàn wọ̀ ní ọdún tí ó kọjá kò bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́, kí ni ó tún ń wá? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní jiyàn. Bí aṣọ kan náà bá ń fún ènìyàn sí i, ara rẹ̀ ti yí padà. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ni ó jẹ́rìí, kì í ṣe nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni aṣọ lè jẹ́, kò lè jẹ́ adájọ́. Ó lè sọ pé ara pọ̀ sí i. Kò lè sọ bóyá ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì múlẹ̀ bí rọ́bà bá wà ní ìbàdí rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irú aṣọ tí ń fà, tàbí bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń sọ ìgbànú rẹ̀ kalẹ̀ bíi tèmi.

Ojúṣe Àwa Olùkọ́

Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe yìí ń gbà ṣe wá ní ibi. Ó ń fọkàn ẹni tí ó wà nínú ewu balẹ̀, ó sì ń dójú ti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ti rí èkejì yìí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó pín in a pariwo sáìsì akẹ́kọ̀ọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di "orobo" lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni, tàbí pé ó tètè bàlágà. Ara ọmọdé kò dúró sójú kan. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni a gbọ́dọ̀ wò mọ́ ìwọ̀n rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ni ó sì yẹ kí ó wò ó.

Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí á máa fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pín aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, kí á má sì gba orúkọ ìnagijẹ tí ó jẹ mọ́ ara láyè ní kíláàsì. Èkejì, kí olùkọ́ Yorùbá lo ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín sígbọnlẹ̀, rọ́bọ́tọ́, sísanra àti ìsanrajù, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ìsanrajù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, kì í ṣe èébú. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ fi okùn ṣe àpẹẹrẹ ní ara òun fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe pe akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tóbi jáde láti wọ̀n.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé aṣọ ìbílẹ̀ wa kò fi nọ́ńbà dá ara lẹ́jọ́, pé sáìsì tí a yá lò jẹ́ àmì ọjà tí kò dúró sójú kan, àti pé gíga àti ìyíká ikùn ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ kọ àpilẹ̀kọ yìí, orí ikùn ni mo so ó mọ́, wọ́n sì kọ 40 sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti sanra. Wọn kò mọ̀ pé ní ọdún tí mo ń wọ 36, mo sanra jù báyìí lọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí á má ṣe fi àmì ọrùn ẹ̀wù díwọ̀n rẹ̀.