Òróró Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì, Táyà Gbígbó Lábẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ìwàásù ọjọ́ Sunday. Ọ̀rọ̀ táyà ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, táyà ọkọ̀. Ẹ má tíì kọjá lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì ìjọ wa ń bọ̀ láti ìsọjí kan ní Ìbàdàn. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́, gbàù! Ọkọ̀ ta gìrì, ó fi ara gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì kó tó dúró. Apá arábìnrin kan kán, àwọn tó kù fara bó. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, kò sẹ́ni tó kú.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, kí la wàásù lé lórí? Ọfà ọ̀tá. A gbàdúrà títí ilẹ̀ fi ń mì tìtì. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tó wá burú sí ni pé àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá àgbà kan nínú ìjọ lójú burúkú. Ìyá yẹn ti sanwó ọkọ̀ ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lọ mọ́. Ẹnu bá bẹ̀rẹ̀: "Kí ló dé tí wọn ò bá wa lọ? Kí ni wọ́n mọ̀ tí àwa ò mọ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí wa. A ò bá ẹnikẹ́ni wí. A dákẹ́.

Àfi lọ́jọ́ tí a gbé rímù àti táyà náà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà wa. Ọmọkùnrin náà fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti ya, ó ní, "Dádì, ẹ wá wo nǹkan." Ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin: 3611. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì ọdún 2011 ni wọ́n ṣe táyà yìí. Ó ti ju ọdún méjìlá lọ. Mi ò mọ ẹni tó tà á fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjẹ́ ló bẹ́ ẹ o, sà."

Ojú tì wá. Táyà tòkunbọ̀ ni. Àwa fúnra wa la fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi rà á, torí pé ó dín lówó, torí pé orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára ẹ̀, torí pé wọ́n ti fi nǹkan kùn ún tó ń dán gbinrin.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ èrò wa láìfi bò: táyà tuntun tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí déètì ẹ̀ kò tíì pẹ́, sàn ju táyà tòkunbọ̀ olórúkọ ńlá lọ. Ó sàn fún ẹ̀mí, ó sì sàn fún àpò. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní gbà. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe táyà ní Nàìjíríà yìí. Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é níbí, ní Ìkẹjà. Láàárín ọdún 2007 sí 2008, àwọn méjèèjì dáwọ́ iṣẹ́ táyà dúró. Ilẹ̀ wa ń gbin igi rọ́bà ní Ẹdó, ní Delta àti ní Òndó, síbẹ̀ táyà tí à ń lò láti òkèèrè ló ń wá. Ibi tí tòkunbọ̀ ti rí ààyè nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, táyà àlòkù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára àwọn ọjà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ wọlé. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní tirẹ̀ sọ pé ọdún mẹ́rin ni kí ọjọ́ orí táyà mọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ rìn jáde báyìí, kí ẹ ka iye tòkunbọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òfin wà nínú ìwé, táyà wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé, "Pásítọ̀, all-season ni mo rà, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo." Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìgbà ta ni? Ní Amẹ́ríkà, all-season túmọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ, òjò, àti yìnyín díẹ̀. Àwa ò ní yìnyín ní Ayọ̀bọ̀. Ìgbà tiwa ni òjò láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, àti oòrùn tó ń sun ọ̀dà títì. Nǹkan méjì ló yẹ kí táyà wa lè ṣe: kó di ilẹ̀ mú nínú omi, kó sì lè fara da ooru. Àwọn kan tiẹ̀ ń ra táyà òtútù tí wọ́n bọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù láìmọ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán òkè tí òdòdó yìnyín wà nínú ẹ̀, tí ojú táyà náà sì kún fún gígé wẹ́wẹ́, òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà ẹ̀ rọ̀, kó lè ṣiṣẹ́ níbi tí òtútù ti wá sí ìsàlẹ̀ 7 degree. Lórí títì gbígbóná tiwa, kíá ló máa jẹ tán, kò sì ní dúró bó ṣe yẹ tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Kò le.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló sábà máa ń wà, ẹ yí táyà náà wò. Tí wọ́n bá ti họ ọ́ kúrò, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìkejì, ẹ wo ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ 205/55R16 ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan mìíràn "máa wọ̀ ọ́." Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì akérò, bíi Hiace tó ń lo 195R15C, lẹ́tà C yẹn ṣe pàtàkì. Òun ló sọ pé táyà ẹrù ni. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ èèyàn mẹ́rìnlá, wàhálà ni.

Ìkẹta, lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ máa rí Traction àti Temperature. Traction ni bó ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ tútù: AA ló ga jù, C ló kéré jù. Temperature ni bó ṣe ń fara da ooru: A ló dáa jù, C ló kẹ́yìn. Fún Èkó yìí, èrò wa ni pé kí ẹ má ra ohun tó kéré sí A nínú méjèèjì bí agbára bá ká a. Táyà ilé iṣẹ́ kékeré láti Ṣáínà tó ní A àti A, tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí, yóò gbé yín ju olórúkọ ńlá tó ti lo ọdún mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ìkẹrin, ẹ wo inú ilà ojú táyà. Àwọn òkìtì kéékèèké kan wà níbẹ̀. Bí ojú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú wọn, ó ku 1.6 mm nìyẹn, ó ti parí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ilà tuntun sójú táyà tó ti jẹ tán. Ẹ̀tàn ni.

Kódà "tuntun" náà ní àyẹ̀wò tiẹ̀. SON ti mú àwọn kọ̀ǹtéínà táyà tí wọ́n ki ọ̀kan sínú èkejì láti dín owó ọkọ̀ ojú omi kù. Táyà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ́ nínú kó tó dé ọjà. Tí ẹnu rímù ẹ̀ bá wọ́, tàbí tó bá ti sá sí oòrùn fún ọdún púpọ̀, tuntun orúkọ lásán ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Owó ọjà ń yí padà, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò tiwa. Ká sọ pé tòkunbọ̀ kan jẹ́ ₦30,000, tuntun tó mọ níwọ̀n jẹ́ ₦60,000, tuntun olórúkọ ńlá jẹ́ ₦120,000. Bí tòkunbọ̀ bá lo oṣù mẹ́sàn-án, láàárín ọdún mẹ́ta ẹ ó ti rà á lẹ́ẹ̀mẹrin: ₦120,000. Bí tuntun tó mọ níwọ̀n bá lo ọdún mẹ́ta, ₦60,000 náà ni. Bí olórúkọ ńlá bá lo ọdún mẹ́rin, ₦2,500 lóṣù. Tó mọ níwọ̀n kò tó ₦1,700 lóṣù. Tòkunbọ̀ ju ₦3,300 lọ lóṣù. Ta ló wá ra ọ̀pọ̀? A ò tíì ka owó tí a san fún lílẹ̀ táyà, owó tówíìn, àti owó dókítà.

A gbọ́ ohun tí àwọn awakọ̀ wa ń sọ. Wọ́n ní tòkunbọ̀ Jámánì tàbí Japan le ju tuntun Ṣáínà lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa náà ti lo tòkunbọ̀ tó gbé wa dáadáa rí. Bí ẹnìkan bá rí èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí a bọ́ ọ wò nínú tí kò ní lẹ̀ẹ́mọ́, a ò lè sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń wo inú ẹ̀? Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ mọ ìdí tó fi bọ́ ọ sílẹ̀. Àwa ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn mìíràn ní, "Pásítọ̀, owó dà?" A ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú le. Ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi méjì tuntun náà sẹ́yìn ọkọ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ á yí po, apá awakọ̀ kì í sábà ká a. Ẹ da àjọ táyà bí a ṣe ń da àjọ aṣọ ẹbí. Ẹ sì máa wọn atẹ́gùn láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, ní ìwọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn. Táyà tí atẹ́gùn ẹ̀ kéré máa ń gbóná, èyí tó bá gbóná jù ló ń bẹ́.

Ikú táyà kò mọ olówó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́, kú lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀. Àjọ FRSC sọ pé táyà ló bẹ́, eré náà sì pọ̀. Mínísítà ni o.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé Pásítọ̀ kò nígbàgbọ́ mọ́ ni?" A nígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Deuteronomi orí 22. Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí sí òrùlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lórí ilé náà. Kò ní kí wọ́n kàn gbàdúrà sí òrùlé. Nígbà tí Èṣù gbé Jésù lọ sórí téńté tẹ́ḿpìlì tó ní kó bẹ́, Jésù kò bẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn áńgẹ́lì wà. Kí la ń ṣe nígbà tí a kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ ti ṣẹ́, tí a wá ní ẹ̀jẹ̀ Jésù? Àwa là ń bẹ́ yẹn.

Torí náà, a ti pinnu ní ìjọ. Bọ́ọ̀sì wa kò ní jáde lórí táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ mọ́. Owó tí a fẹ́ fi ran aṣọ àyájọ́ ọdún ìjọ máa lọ sórí táyà mẹ́rin àti sípíà kan. Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù, fọkanáísà wa máa wà nínú ọgbà ìjọ láti yẹ táyà gbogbo ẹni tó bá wá wò, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ìjọ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ.

Ó ku ẹyọ kan. A lọ sílé ìyá wa yẹn. A dọ̀bálẹ̀. A sọ fún wọn pé a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn, a sì dákẹ́, pé ìdákẹ́jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn dà bí ẹ̀rí èké. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tí kò sẹ́ni tó jókòó tì mí nínú ìjọ." Àwọn ló ní ká kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé kà á.

A bẹ yín, ìyá wa, ẹ foríjì wá. Ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀ náà, ẹ mọ ara yín. Sunday tó ń bọ̀, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yín. Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́. Àmín.