Ojú ni bàálù ìṣọ́ òkun, kì í ṣe ọwọ́

Ní nǹkan bí ọdún 2010, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gba bàálù ATR 42 méjì láti máa ṣọ́ òkun. Síbẹ̀, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi 135 tí wọ́n jí gbé lágbàáyé lọ́dún 2020, 130 ló jẹ́ ti agbami Gulf of Guinea, níbi tí òkun wa wà. Kí ló fà á?

Rédà abẹ́ ikùn bàálù náà ń rí ọkọ̀ lókèèrè, ìbáà ṣe lóru. Kámẹ́rà rẹ̀ ń fi ooru ẹ́ńjìnnì dá ọkọ̀ mọ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kò lè bà lójú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mú ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi bá pẹ́ kó tó débẹ̀, àwọn ajalèlókun ti sá wọ ẹsẹ̀ odò.

Ẹni tó rí olè tí kò lè lé e, ariwo nìkan ló kù fún un.