Ẹ Má Yọ Thermostat Dànù

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nílé gbà pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná jù, kí a yọ thermostat rẹ̀ sọnù. Ẹni tó bá gbé àṣà yìí dé Albany Park ní Chicago, ìlú tí òtútù rẹ̀ wọ nǹkan bí -30°C ní January 30, 2019, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́. Ọ̀pọ̀ thermostat ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 80 sí 90°C, nítorí dísẹ́ẹ̀lì kì í jó tán nínú ẹ́ńjìnnì tútù. Èyí tó ṣẹ́kù á rọra ṣàn lọ bá ọ́ìlì, irin á wá máa jẹ irin.

Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì tí a fi agbára kún ń mú ooru rẹpẹtẹ wá, pàápàá tó bá ru ẹrù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó fẹ̀ àti fáànù tó ń fẹ́ dáadáa ló ń gbé ooru lọ. Èkó kò tutù bíi Chicago, síbẹ̀ rédíétọ̀ tó dí kò ní là nítorí pé a yọ thermostat. Ẹ fọ rédíétọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.