Ẹ Dá Jìtá Wa Padà

Ní ìparí sáà kẹta ọdún tó kọjá, ilé-ìwé tí mo wà nígbà náà ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde. Wọ́n háyà DJ. Orin ìwòyí ló kọ́kọ́ fi sí i. Àwa ọmọ ń fò sókè, àwọn òbí àti olùkọ́ jókòó, wọ́n ń wo aago. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, bàbá kan ránṣẹ́ sí DJ pé kó fi orin Sunny Adé sí i. Háà! Ẹ ti rí bí àdúgbò ṣe máa ń hó yèè nígbà tí iná bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀ ṣe hó. Àwọn àgbà dìde, wọ́n ń náwó fún ara wọn. Olùkọ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ́ sí agbo. Nígbà tó jó tẹ́rùn, ó yíjú sí wa, ó ní, “Orin nìyí! Ariwo lásán ni tiyín. Ẹ̀yin ọmọ yìí lẹ pa orin wa.”

Mo dákẹ́, nítorí pé jìtá mi wà nínú ọ́fíìsì wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sáà náà ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ta á ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ohun tí mo sì ń ta lọ́jọ́ náà ni jùjú, irú èyí tí wọ́n ń jó sí yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe àwa ọ̀dọ́ la pa orin àgbà. Àwọn tó ń sunkún orin náà ló ń gba ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà ní SS 2. Àkúrẹ́ ni à ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni bàbá mi. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, mo máa ń wọ ọkọ̀ gba Bọ́lọ́rundúró lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Oǹdó. Bàbá kan wà ní àdúgbò wọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníjìtá. Ó bá ẹgbẹ́ jùjú kan ta jìtá ní àwọn ọdún 1970. Lónìí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, kò lè tẹ okùn jìtá mọ́. Ẹnu ló fi ń kọ́ mi. Yóò fi ẹnu pe ìró tó ń fẹ́, èmi yóò máa wá a kiri lára okùn títí màá fi rí i. Bí mo bá ṣì í, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. Bí mo bá rí i, yóò di ojú, kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. N kò mọ ìtumọ̀ òwe yẹn dáadáa títí mo fi jókòó ti bàbá yìí.

Òun ló jẹ́ kó yé mi pé nínú jùjú, jìtá kan kì í dá sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀kan yóò máa tún gbólóhùn kúkúrú kan náà sọ láìdúró, òmíràn yóò máa dá a lóhùn, jìtá tó ń ṣíwájú yóò máa rìn lórí wọn, gángan yóò sì máa fọhùn láàárín wọn. Kò sí ìwé tí Bàbá Oníjìtá kọ ohun tó mọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó bá lọ, ó di dandan kó bá a lọ, àfi èyí tó bá ti wọ ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, ọmọ mélòó ló ti wá kọ́ ọ lọ́wọ́ yín?” Ó ní, “Ìwọ nìkan.”

Ẹ jẹ́ kí n mú yín kúrò ní Oǹdó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ lè rí bí wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni mo rí, láti Cavan, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ireland. The Strypes ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé bíi tiwa, àwo wọn àkọ́kọ́, Snapshot, sì jáde ní 2013. Orin tí wọ́n ń kọ kì í ṣe orin ìgbà wọn rárá. Orin Bo Diddley àti àwọn olórin blues àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1966, Rory Gallagher, ọmọ ọdún 18 tó dàgbà ní Cork ní ilẹ̀ Ireland kan náà, dá ẹgbẹ́ Taste sílẹ̀, blues ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ta ló ni blues? Àwọn aláwọ̀ dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn. Orin ìbátan wa ni. Àwọn kan sọ pé àfarawé lásán ni The Strypes ń ṣe, ẹgbẹ́ náà sì tú ká ní 2018. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú ká, wọ́n rí àyè ta jìtá wọn. Ohun tó ń dùn mí nìyí: ọmọ òyìnbó ní Cavan lè gba orin ìbátan wa kó sì fi ṣe ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orin bàbá tó bí i lọ́mọ.

Nílé wa níbí náà, àwọn kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 2013, 2Baba bá Victor Ọláìyá, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, tún orin rẹ̀ Baby Jowo kọ. Ní ọdún 2020 tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ Ìgbò, The Cavemen, gbé Roots jáde. Highlife ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀kan nínú wọn ń lu ìlù, èkejì ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kò gbọ́ Ìgbò rárá ń jó sí i. Ẹ má wá sọ fún mi pé àwa ọ̀dọ́ kò fẹ́ ohun àtijọ́.

Ẹ wá wo agbègbè tiwa. Láti Ifọ́n ní ìpínlẹ̀ wa yìí ni ìdílé Orlando Owoh ti wá, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin highlife. Bàbá King Sunny Adé wá láti ìdílé ọba ní Oǹdó, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìdílé Adésida ní Àkúrẹ́. Ìlú méjèèjì tí mo ń rìn láàárín wọn ló ni ín. Ó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Ní 1982, Island Records gbé Juju Music rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Synchro System tó tẹ̀ lé e ní 1983 mú orúkọ rẹ̀ wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Gbogbo wa là ń yangàn pé ọmọ wa ni.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìtàn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ni pé ó fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Oǹdó, ó sì díbọ́n fún àwọn ará ilé pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi irọ́ yẹn. Kí ló dé tí ọmọ tó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ fi ní láti parọ́ kó tó lè lò ó? Ẹ̀yin òbí mọ ìdáhùn rẹ̀. Alágbe ni wọ́n ń pe olórin nígbà náà. Alágbe náà ni wọ́n pe èmi, nígbà tí ìbátan wa kan rí jìtá léjìká mi. N kò gbóríyìn fún irọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀bùn ọmọ, irọ́ ló ń kọ́ ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ti lè fọwọ́ kan jìtá láìfi pamọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní kí á kọjú sí ìwé wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀, èsì ìdánwò mi kò burú. Ṣùgbọ́n orin náà wà lára ohun tí WAEC ń ṣe ìdánwò lé lórí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe CCA ní JSS. Mo ya àwòrán ìkòkò, mo ya ọsàn, mo kọ́ orúkọ ohun èlò orin sórí, mo sì gba máàkì. Ìlù kan ṣoṣo, n kò fọwọ́ kàn án. Ṣé a lè kọ́ ọmọ ní odò wíwẹ̀ lójú pátákó?

Àwọn mìíràn ní obìnrin kì í ta jìtá. Irọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1970, Oladunni Decency ta jìtá, ó kọrin, ó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ jùjú tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà kò gbẹ́yìn nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ ní orin arúgbó ni mò ń ta, pé àwòkọ ni. Ta ni kò kọ́kọ́ wo ẹlòmíràn kọ? Sunny Adé fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ipa Túndé Nightingale kó tó rí ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú jìtá tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ ta, tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò, wọ inú jùjú. Bí kò bá kọ́ ti àgbà, kí ni ì bá fi tuntun kún? Ẹni tí kò ní ilé kò lè kọ́ yàrá kún un.

N kò béèrè ohun tó pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde máa ń fún ilé-ìwé ní àga, wọ́n máa ń kun géètì. Ẹ bá wa ra jìtá méjì, gángan kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ fún wa ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Ẹ wá àwọn bàbá àti ìyá tó ti ṣeré rí, tí wọ́n jókòó sílé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ san owó ọkọ̀ fún wọn, kí wọ́n wá kọ́ wa. Níbi ayẹyẹ tó ń bọ̀, kí DJ tó dé, ẹ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n ta, kí ẹ yìnbó sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ wa ná.

Ọjọ́ tí a gba ìsinmi ni wọ́n tó dá jìtá mi padà. Okùn kan ti já lára rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Oǹdó bẹ́ẹ̀. Bàbá Oníjìtá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Okùn márùn-ún ṣì kù. Ta á.” Mo ta á.

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin olùkọ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kí orin yẹn máa dùn létí yín ní ogún ọdún sí i, ẹni tí yóò ta á wà nínú kíláàsì yín lónìí. Ẹ má gba jìtá lọ́wọ́ rẹ̀.