Script kan kò lè tọ́jú gbogbo sáfà

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn yìí gbé jáde lórí títa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Upper Iweka, Onitsha, sọ pé script kan ṣoṣo tó láti tọ́jú gbogbo sáfà ilé-iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ansible, irinṣẹ́ ìtọ́jú sáfà tó jáde ní 2012, ni àpilẹ̀kọ náà ń gbé gẹ̀gẹ̀. Irinṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n SSH àti Python ló fi ń bá Linux ṣiṣẹ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Windows, WinRM àti PowerShell ló sábà máa ń lò. Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ tí a ń kọ fún ti ìhín, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀hún. Àwọn ẹ̀yà Linux pàápàá kò fẹnu kò: lórí Ubuntu, apt ló ń gbé ètò Apache wọlé, apache2 sì ni orúkọ rẹ̀; lórí Red Hat, dnf ni, httpd ni wọ́n sì ń pè é. Script tí wọ́n kọ lórí Windows tún máa ń ní àmì kan tí ojú kì í rí ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí bash, tó ń ka àṣẹ lórí Linux, bá pàdé rẹ̀, yóò ní òun kò rí àṣẹ tó wà níwájú òun gbangba. Owó tí àpilẹ̀kọ náà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò fi pamọ́, ẹni tó máa kọ ẹ̀dà ti Windows ni yóò gbà á.

Òǹkàwé kan,
Onitsha.