Ilé Dúró Ládípọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Ìkòyí, Ìkirè àti Àpòmù

Láti ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1978 tí ikú ti mú Dúró Ládípọ̀, òṣèré àti olórin, lọ, ni a ti fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún aya, ọmọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa gbé, bí ẹni pé ẹrù agbo ilé kan ṣoṣo ni, tí àwa ìyókù kì í sì í rántí orúkọ rẹ̀ àfi tí a bá fẹ́ ṣe fáàrí lójú àlejò. Nítorí náà ni a ṣe ń bèèrè ilé eré àti àṣà kan ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lòdì sí i; ọ̀rọ̀ wọn tí ó ń bí mi nínú ni mo fẹ́ dáhùn.

Wọ́n ní eré òrìṣà ni eré Dúró, pé onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ ti irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ná! Ta ló bí Dúró? Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1961, nígbà tí Dúró gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, tí ó sì fi ìlù Yorùbá gbè é, àwọn kan nínú ìjọ fajú ro, wọ́n ní ìlù kèfèrí kò yẹ ilé Olúwa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wá ibòmíràn fún orin rẹ̀, tí ó sì sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, ní ọdún 1962. Lónìí ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ló kù láti Ìkirè dé Àpòmù tí gángan kì í dún níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè? Ọmọ àwọn tó lé ìlù jáde ló ń lẹ owó mọ́ àyàn níwájú orí, òun náà ló tún ń pariwo òrìṣà lé ẹni tó jìyà ìlù lórí. Ojú kò tiẹ̀ tì wọ́n! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àwọn tó wo eré Dúró, Ọba Kò So, ní Berlin ní ọdún 1964 kò torí rẹ̀ di oníṣàngó. Ìtàn Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, ni wọ́n wò.

Ilé tí a ń bèèrè, tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò wà ní Òṣogbo, tí ẹ̀ka rẹ̀ yóò sì wà ní Ìkòyí níbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé èrè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ìjẹ olóṣèlú. Kí ìgbìmọ̀ kan máa ṣàkóso rẹ̀, tí ẹbí, àyàn, olùkọ́ àti oníṣirò yóò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú lọ́dọọdún, nítorí ilé tí ẹnì kan ṣoṣo bá dá jẹ gàba lé lórí, ọjọ́ tí olúwarẹ̀ bá bínú ni yóò wó. Kí eré, ìlù àti àwòrán sì wà lábẹ́ òrùlé kan, bí ó ti rí ní Mbárí Mbáyọ̀, níbi tí Twins Seven-Seven ti wọlé bí oníjó, tí ó sì di ayàwòrán lọ́wọ́ olùkọ́ àwòrán, Georgina Beier, ní ọdún 1964. Kí a wá téèpù Bodè Wáásinmi, eré tẹlifíṣàn Dúró, rí, kí a dà á kọ. Kí a gba ohùn àwọn òṣèré tó ti dàgbà sílẹ̀. Owó oṣù fún àyàn tó ń kọ́ ọmọ. Bọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòyí ẹ̀ṣọ́, tí kì í gbọfà lẹ́yìn, ní ìpàdé ìlú tó ń bọ̀, ẹ dìde, kí ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè ilẹ̀ tí yóò yọ̀ǹda.